Ta Ló Ń Díwọ̀n Ìtìjú? Ẹ̀sìn, Òfin àti Ìfẹ́ Ojú Gbangba

Tí wọ́n bá ta kánópì dí ojú títì ní Ọ̀rányàn, nílùú Ìbàdàn, lọ́jọ́ Sátidé, tí onílù dé, tí òórùn ọbẹ̀ ti ń ta sánsán láti ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkọ Ìbàdàn ṣe ń fi ìfẹ́ han ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ayé lọ dúró. Ìyàwó á jó bọ̀ láti ìdí tábìlì, ọkọ á jó pàdé rẹ̀, á wá máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bó bá gbá a mọ́ra díẹ̀, àwọn ìyá á hó, onílù á fi orúkọ bàbá tó bí i kún ìlù. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin yìí kan náà sin ìyàwó rẹ̀ dé Bẹẹrẹ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó fẹnu kò ó lẹ́nu kó tó wọ takisí Micra tó ń lọ Dùgbẹ̀, ohun tó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn aláte ò ní dùn. Ojú ò tì í. Ṣé kò nílé ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pani lẹ́rìn-ín ni pé nínú ìṣe méjèèjì, owó lílẹ̀ ni òfin Nàìjíríà dárúkọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ń ná náírà lágbo ijó lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6 jura tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù kò dárúkọ ìfẹnukonu níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó lẹ owó ń lọ sílé pẹ̀lú ìyìn, ẹni tó fẹnu konu ló ń wojú ọlọ́pàá.

Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn ni bí ẹ̀sìn ṣe dé inú òfin tó ń ṣọ́ ọwọ́ àti ẹnu àwọn olólùfẹ́ ní gbangba. Ó dára ká bi í ní Ọ̀rányàn, nítorí gbogbo ẹlẹ́rìí wà nítòsí. Ẹsẹ̀ lásán ló ń gbéni dé Mápó, níbi tí ìjọba amúnisìn ti ṣí gbọ̀ngàn ńlá lórí òkè ní 1929, tí kóòtù ìbílẹ̀ àgbègbè náà sì ń tú ìgbéyàwó ká títí di òní. Ẹsẹ̀ náà ló ń gbéni dé Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbò ní Ọjà'ba. Egúngún ń gba àárín wọn kọjá nígbà ọdún, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà ní gbogbo ìkángun.

Abala 231 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn náà ni ọlọ́pàá máa ń nàka sí. Ohun tó sọ kò gùn: ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ hu ìwà tí kò bójú mu níbi tí ará ìlú lè dé, tí kò sì ní àwáwí tó bófin mu, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ìwé náà kò sọ ohun tí ìwà tí kò bójú mu jẹ́. Ṣé kí tọkọtaya so ọwọ́ pọ̀ ni? Ṣé kí wọ́n dì mọ́ ara wọn níwájú ọsibítù nígbà tí dókítà ní ọmọ ti yè? Ọlọ́pàá tó dúró ní oríta ni òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ ilé kéwú ló ti dàgbà, ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni yóò fi wọ̀n wọ́n. Bó bá jẹ́ ọmọ ìjọ tó ń gbààwẹ̀ lórí òkè ni, tirẹ̀ náà ni yóò gbé jáde.

Òfin náà kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Samuel Griffith ló kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe àwòkọ rẹ̀, fún ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà, ó sì di òfin níbẹ̀ ní 1899. Ìjọba Lugard gbé e wọ Àríwá Nàìjíríà ní 1904, nígbà tó di 1916 wọ́n nà án dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìtìjú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé Ayaba Fikitóríà ló wà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì tọ́ ìtìjú náà dàgbà. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kóòtù bíṣọ́ọ̀bù ló ń dá ẹjọ́ àgbèrè, ọmọ àlè àti ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Nígbà tí àwọn Púrítánì gbàjọba lọ́wọ́ ọba, wọ́n tiẹ̀ ṣòfin ní 1650 pé kí wọ́n pa ẹni tó bá ṣe panṣágà. Nígbà tí ọba padà sórí oyè ní 1660, òfin náà bá ìjọba wọn lọ.

Àwọn ìbátan wọn tó ré òkun lọ sí Amẹ́ríkà kò gbẹ̀yìn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Boston ni pé ní 1656, ọ̀gákọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Kemble ti ìrìn àjò ọdún 3 dé, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Wọ́n kan ààbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ fún wákàtí 2. Ìyàwó ẹni, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹni! Àwọn tó bá rò pé mùsùlùmí nìkan ló ń fi òfin ká ìfẹ́ lọ́wọ́ kò yẹ kí wọ́n gbàgbé ọkùnrin yìí.

David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS, dé Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 ó mú Anna ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ìjọ wọn mú ìwé kíkà wá, ó mú òrùka wá, ó mú ọkọ kan aya kan wá. Ṣùgbọ́n ó níye ohun tó fi sílẹ̀ sínú Bíbélì. Nínú lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, ó ní kí àwọn onígbàgbọ́ máa fẹnu ko ara wọn lẹ́nu tí wọ́n bá ń kíra. Kí ẹnikẹ́ni dán an wò lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Arẹ́mọ, yóò rí ojú tí àwọn ìyá ìjọ máa fi wò ó. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 26 náà sọ bí ọba àwọn Filísínì ṣe yọjú lójú fèrèsé, tó rí Ísáákì tó ń bá Rèbékà ṣeré ìfẹ́, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé irọ́ ni pé àbúrò rẹ̀ ni. Pásítọ̀ kì í sábà fi ìyẹn wàásù. Àwọn ààfáà náà mọ hádíìsì tó sọ bí Ànábì ṣe bá aya rẹ̀ Àíṣà sáré ìje, ṣùgbọ́n wáàsí lórí ìbòrí àti ojú rírẹ̀sílẹ̀ pọ̀ níye ìgbà ju wáàsí lórí eré tọkọtaya lọ. Ẹ̀sìn ní ẹnu púpọ̀. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ ló ń ṣa èyí tó bá ìwà àdúgbò wọn lọ, wọ́n á wá sọ pé Ọlọ́run ló wí bẹ́ẹ̀.

Ó sì yẹ ká sọ òótọ́ nípa ara wa: kí ìwé méjèèjì tó dé, Yorùbá ti ní ìkálọ́wọ́kò tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, èèwọ̀ ni kí ọkùnrin àti obìnrin bá ara wọn lò lórí ilẹ̀ lásán nínú oko. Ilẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀, ètùtù ni wọ́n sì fi ń tù ú. Ìfẹ́ tọkọtaya ní ọ̀nà tó ń gbà jáde, kò kàn fẹ́ràn ojú títì ni. Ìyá àgbà kan lè lo ogójì ọdún nílé ọkọ láìpe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí, kó jẹ́ "Bàbá Ṣẹ́gun" láàárọ̀ àti lálẹ́, síbẹ̀ ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò máa wà lábẹ́ àmàlà rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ kò ní rí i. Oríkì tó ń fi jí i láàárọ̀, kò sí ìfẹnukonu tó tó o. Ìṣe ìfẹ́ ni gbogbo èyí. Kò sí ọlọ́pàá tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n àṣà yìí kan náà ló tún ní ọjọ́ tó ń tú ìdè. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Máàṣì, Ìbàdàn ń ṣe ọdún Òkè'bàdàn. Ìtàn ìlú so ọdún náà mọ́ ìgbà tí Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá gun òkè lẹ́yìn tí ogun tú wọn ká, tí wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín. Òkè ló gbà wọ́n là, òkè ni wọ́n ń bọ, Abọkè sì ni olórí ẹ̀sìn rẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ya sígboro, wọ́n á máa kọ orin tí wọn ò jẹ́ kọ níwájú ìyá wọn lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n á dárúkọ nǹkan ọkùnrin, wọ́n á dárúkọ nǹkan obìnrin, wọn ò ní fi aṣọ bò ó. Wọ́n á bú ẹni tó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ bínú. Ó lè dá a padà bó bá ní tirẹ̀ lẹ́nu. Ìyá arúgbó tó ń na ọmọ-ọmọ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ lánàá lè bọ́ síta lónìí kó gba orin lẹ́nu wọn.

Bí ènìyàn bá fi abala 231 wọ̀n ọ́n, gbogbo agbo yẹn ló yẹ kó sùn ní àtìmọ́lé. Ọlọ́pàá kì í mú wọn. Àwáwí tó bófin mu wà, òrìṣà ìlú ló fún wọn. Àwọn ààfáà àti pásítọ̀ kan ń bá ọdún náà wí, ẹ̀tọ́ wọn ni, ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tó máa fi òfin dá a dúró tí inú ìlú máa dùn sí i. Tí eégún Olóòlù bá sì ń jáde, ìdajì ìlú ló ń wọlé tilẹ̀kùn, nítorí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kan án, láìsí ilé aṣòfin tó dìbò sí i. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀sìn kò gbọdọ̀ kan òfin ìgboro, ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyẹn. Ẹ̀sìn mẹ́ta ń pín títì kan lò níbí. Èyí tí kò tíì sí ni kí ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ kó máa fi de àwọn yòókù.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí wọ́n máa sọ fún ọmọ ìwé ní gúúsù bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ogun. Ní 1961, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, kóòtù ìbílẹ̀ kan nínú ẹkùn náà dá obìnrin kan lẹ́bi panṣágà, pé ó ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn láìtíì kọ ọkọ rẹ̀ ní kóòtù. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti di Aoko àti Fagbemi. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìdálẹ́bi náà. Kò sọ pé ohun tí obìnrin náà ṣe dára. Ó ní òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí lákọọ́lẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀daràn, panṣágà kò sì sí nínú ìwé òfin gúúsù. Àṣà kórìíra rẹ̀, ẹ̀sìn méjèèjì kórìíra rẹ̀, ọkọ lè gba ìtanràn lórí rẹ̀, ìyàwó lè torí rẹ̀ di ẹni àkọ̀sílẹ̀ ní Mápó. Ẹ̀wọ̀n nìkan ni kò sí. Ìlà yẹn wà nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 títí di òní, abala 36, ẹ̀ka 12.

Àríwá gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1958, ìjọba ibẹ̀ pe ìgbìmọ̀ kan tí Abu Rannat, adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan, Adájọ́ Sharif láti Pakistan, àti ọ̀jọ̀gbọ́n Anderson láti London wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ òfin tí mùsùlùmí lè gbà, tí òyìnbó náà ò sì ní kọ̀. Èyí tí wọ́n rí ni ti Sudan, tí wọ́n wò lára ti India tó ti wà láti 1860. Pénà Kóòdù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 30, 1960, tó ku ọ̀la kí Nàìjíríà gbòmìnira. Wọ́n kọ panṣágà sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n, fún ẹni tí òfin ìbílẹ̀ tàbí àṣà rẹ̀ bá kà á sí ọ̀daràn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìṣe kan náà tó ń di ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní Ìbàdàn lè di ẹ̀wọ̀n ní Zaria, lábẹ́ àsíá kan náà.

Lẹ́yìn ìgbà tí Zamfara bẹ̀rẹ̀ Ṣàríà lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní January 2000, ìpínlẹ̀ 12 ló tẹ̀lé ọ̀nà yẹn lápapọ̀, Kano sì dá Hisbah, ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ìwà ará ìlú, sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 2003. Láti ìgbà náà, dídi ara ẹni mọ́ra ti di ọ̀rọ̀ ìròyìn níbẹ̀. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù Hausa lé òṣèré Rahama Sadau kúrò láàárín wọn nítorí pé ó di ọwọ́ akọrin ClassiQ mú, tó sì dì mọ́ ọn nínú fídíò orin. Àwòrán lásán ni, eré ni, síbẹ̀ ó tó ọdún 2018 kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ní October 2025, kóòtù májísíréètì kan ní Kano tún ṣe èyí tó yani lẹ́nu jù: ó ní kí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó gbé fídíò ìfẹ́ sórí TikTok fẹ́ ara wọn láàárín ọjọ́ 60. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà bínú sí i, wọ́n ní kò sí kóòtù tó lè fipá so yìgì. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí: adájọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwà àìnítìjú parí sí ìdí alága ìdúró. Ìdílé kò sí níbẹ̀, owó orí kò sí níbẹ̀, ìfẹ́ gan-an tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Kano bá dé Ọ̀rányàn, ẹnu àwọn àgbà sábà máa ń dúró lórí pé ti Gàm̀bàrí nìyẹn, tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ń le díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lára ohun tó ń mú un le.

Ní January 2006, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, mínísítà ètò ìdájọ́ Bayo Ojo gbé àbá òfin kan jáde lòdì sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Olórí ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà nígbà náà, Peter Akinola, ọmọ Ẹ̀gbá, dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀; àwọn aṣáájú mùsùlùmí náà kò bá a jà. Àbá náà kú, wọ́n jí i. Sẹ́nétọ̀ Domingo Obende láti Edo tún gbé e wá ní 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì fọwọ́ sí i ní January 7, 2014. Àwọn ènìyàn rántí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tó wà fún ìgbéyàwó. Ohun tó kan àròkọ yìí ni gbólóhùn kékeré mìíràn tó wà nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ní tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú, yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Òfin náà kò túmọ̀ ohun tí fífi ìfẹ́ hàn jẹ́. Ní ẹ̀bùrú ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni dúró sí Ọjà'ba lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Yóò rí ọkùnrin méjì, ọ̀rẹ́ láti kékeré, tí wọ́n so ọwọ́ pọ̀ tí wọ́n ń rìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹran Iléyá tàbí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Nínú agboolé, àwọn ọmọbìnrin méjì máa ń sùn lórí ẹní kan, wọ́n á máa dirun fún ara wọn, ọ̀kan á gbórí lé itan èkejì. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n ní ìwòkuwò. Ẹni tí ìfẹ́ ojú títì ṣòro fún jù ní Ìbàdàn ni tọkọtaya. Ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ kò ní wàhálà rí. Òfin tí àwọn aṣòfin ní àṣà ló fà á ti fi ìfura sórí ohun tí àṣà kò fura sí.

Ohun tí gbólóhùn yẹn lè ṣe hàn ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Èkó. Nínú oṣù August 2018, ọlọ́pàá ya wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan lóru, wọ́n kó àwọn ọkùnrin. Ọlọ́pàá ní wọ́n ń gba ènìyàn sínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Àwọn tí wọ́n mú ní àpèjẹ ọjọ́ ìbí ni àwọn wá jẹ. Wọ́n tò wọ́n síwájú kámẹ́rà kí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ohunkóhun, ojú wọn sì dé gbogbo orí fóònù ní Nàìjíríà. Nígbà tó di ìparí 2019, wọ́n kó 47 nínú wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Èkó lórí ẹ̀sùn fífi ìfẹ́ hàn ní gbangba sí ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn. Àwọn 47 ní àwọn kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìgbà kan olùpẹjọ́ kò wá, ìgbà mìíràn ẹlẹ́rìí kò sí. Ní October 27, 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa da ẹjọ́ náà nù nítorí pé ìjọba kò ṣe é bí ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ìdáláre kọ́ ni. Wọ́n kàn pa fáìlì dé ni. Àwọn tí wọ́n ti lé kúrò níbi iṣẹ́, tí ìyá wọn ti rí lórí tẹlifíṣọ̀n, kò rí ohun tí wọ́n pàdánù gbà.

Kò dìgbà tí ènìyàn bá fara mọ́ irú ìfẹ́ kan kó tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ yìí ní Ọ̀rányàn kò fara mọ́ ọn, àròkọ yìí kò sì wá láti bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì bá lè di gbangba, tí jíjókòó síbi àpèjẹ sì lè di ẹ̀rí, ta ni ọ̀rọ̀ náà kò lè kàn? Ilé aṣòfin Ghana náà fọwọ́ sí irú àbá bẹ́ẹ̀ ní February 28, 2024, fífi ìfẹ́ hàn ní gbangba sì wà nínú tiwọn náà.

Àwọn obìnrin ti mọ ìtumọ̀ òfin tí kò ní ìdíwọ̀n tipẹ́. Ní 2008, Sẹ́nétọ̀ Eme Ekaette láti Akwa Ibom gbé àbá kan lọ síwájú ilé lórí ìmúra tí kò bójú mu. Òkè ìkùnsínú obìnrin ló dìde sí i, kò di òfin. Ṣùgbọ́n ní Àbújá, òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó obìnrin ní títì lóru láìsí òfin yẹn náà, wọ́n ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó nítorí pé wọ́n dá rìn. Dorothy Njemanze àti àwọn mìíràn gbé ìjọba Nàìjíríà lọ sí Kóòtù ECOWAS. Ní October 12, 2017, kóòtù náà dá mẹ́ta nínú wọn láre, ó sì ní kí ìjọba san ₦6 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ibòmíràn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kuala Lumpur, wọ́n mú àwọn olólùfẹ́ méjì kan ní 2003 pé wọ́n dì mọ́ra tí wọ́n sì fẹnu konu nínú ọgbà ìgbafẹ́. Ọmọ ìran Ṣáínà ni wọ́n, kì í ṣe mùsùlùmí, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Malaysia sọ ní 2006 pé ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní India, òṣèré Richard Gere fẹnu ko Shilpa Shetty ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí pèpéle ní 2007, níbi ìpolongo àrùn éèdì. Àwọn ẹlẹ́sìn Hindu kan sun ère rẹ̀ níná, adájọ́ Jaipur ní kí wọ́n mú àwọn méjèèjì. January 2022 ni kóòtù tó sọ pé obìnrin tí wọ́n fẹnu kò yẹn kò jẹ̀bi. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́! Òfin tí wọ́n lò níbẹ̀ ni Pénà Kóòdù àríwá wa jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa tó ń lọ Dubai náà mọ ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fún ara wọn nínú bàálù: ní 2010, wọ́n ju ọkùnrin àti obìnrin kan láti Britain sẹ́wọ̀n oṣù kan lórí ìfẹnukonu ní ilé oúnjẹ.

Padà sí Ọjà'ba. Láti 2002 ni ìgbìmọ̀ Ṣàríà aládàáni kan ti ń jókòó ní Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbò níbẹ̀, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó àti ogún láàárín àwọn mùsùlùmí tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí irú rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ ní January 11, 2025, ariwo ta káàkiri, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní òfin ìpìlẹ̀ ni òun máa tẹ̀lé, wọ́n sì dá a dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo ní Èkó kò mọ̀ pé Ìbàdàn ti ní tirẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún, tí àgbàrá rẹ̀ kò sì gbé ilé ẹnikẹ́ni lọ. Kò ní ọlọ́pàá, kò ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹni tó bá wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e wá, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀nà Mápó kò jìnnà. Ẹ̀sìn ń bá àwọn tirẹ̀ wí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí yunifásítì tí ṣọ́ọ̀ṣì dá sílẹ̀ ṣe lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin má di obìnrin mọ́ra nínú ọgbà. Ó lè le, ó lè bí àwọn ọmọ nínú, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kí wọ́n tó wọlé ni.

Òfin ọ̀daràn kò rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bí i sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àbá kan ṣoṣo fi wà fún àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà ní Agodi, tí ọwọ́ wọn tó òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ yìí: kí wọ́n sọ ohun tí ìwà tí kò bójú mu jẹ́. Kí wọ́n dárúkọ ìhòòhò, kí wọ́n dárúkọ ìbálòpọ̀ ní gbangba, kí wọ́n dárúkọ fífọwọ́ kan ẹni tí kò fẹ́, èyí tí àwọn ọmọbìnrin tó ń gba àárín ọjà kọjá ń jìyà rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ọlọ́pàá kò sì rí. Ìyókù, ọwọ́ dídìmú, gbígbá mọ́ra, ìfẹnukonu ráńpẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìyá ìjọ, fún ìmáàmù, fún mógàjì agboolé tó lè ní kí wọ́n wá kúnlẹ̀ kó sì la ojú mọ́ wọn. Kí olùpẹjọ́ tó bá fẹ́ gbé ẹnikẹ́ni dé kóòtù sì mú ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi wá, kó sọ ibi tó wà, kó sọ ohun tó rí. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ retí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lórí ọkùnrin 47 fún bí ọdún kan, kò sí èyí tó wá.